Nọ́ọ̀tì Karùn-ún

Mo gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń tú nọ́ọ̀tì, tó ti là sí méjì, ka orí tábìlì ọkùnrin tó ń ta ohun èlò mọ́tò lẹ́bàá gáréèjì ní Ìkọ̀lé. Mo to ẹ̀là méjèèjì síra wọn kí ó lè rí ohun tó tà fún mi dáadáa.

"Èyí rèé," mo ní. "Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi tẹ nọ́ọ̀tì ló là."

Ó wò ó. Ó wo èmi náà, láti orí ìborùn mi títí dé bàtà tí mo fi ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé. "Àǹtí, ta ló lò ó? Ṣé ọkọ yín ni àbí mẹkáníìkì?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀ẹ́n! Ẹ ò wá tètè sọ." Ó yíjú sí àwọn awakọ̀ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o, wọ́n ní àwọn fúnra wọn ni."

"Bóyá wọ́n fi gún iyán ni," ọ̀kan nínú wọn dáhùn.

"Bí mo bá fi gún iyán, ìwọ kọ́ ni mo máa bù ú fún," mo ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ló rín jù. Èmi ò bá wọn rín, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀rín ni mo bá wá. Mo sọ fún ọlọ́jà náà pé ohun tó tà fún mi ń dán bíi ṣíbí, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ kò nípọn ju èèpo ẹyin lọ. Mo ní ojú méjìlá ló wà nínú rẹ̀, nígbà tí mo ti sọ fún un kedere pé ojú mẹ́fà ni mo fẹ́.

"Ojú mẹ́fà, ojú méjìlá," ó ní, "ojú lojú ń jẹ́, àǹtí. Nọ́ọ̀tì kì í wojú."

Irọ́ ni. Nọ́ọ̀tì táyà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú mẹ́fà á fi ẹ̀gbẹ́ gbá ẹ̀gbẹ́ mú, bí ẹni gbá ọmọ mọ́ra. Olójú méjìlá, igun nìkan ló ń dì mú. Lára nọ́ọ̀tì tó rọ̀, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Lára èyí tó ti dì pa, igun ni yóò kọ́kọ́ jẹ, bí igun bá sì ti jẹ tán, nọ́ọ̀tì di òkúta odò, kò sí ohun tí ẹ óò fi dì í mú mọ́. N kò mọ gbogbo èyí nígbà tí bàbá mi wà láyé. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ìtàn náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa nọ́ọ̀tì, lẹ́yìn òkú ni mo kọ́ ọ.

Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tú. Mo sì fẹ́ kí ó jáde ní odindi, nítorí ẹ̀rí ni.

Àárọ̀ ni, bàbá mi ń run orín lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tó fi ọwọ́ di àyà mú. Ó ní nǹkan kan jókòó sí òun láyà. Tíṣà ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í ṣàròyé. Bí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé nǹkan ń ṣe òun, á jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn mọ́tò, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Èmi ni mo wakọ̀. Ìdó ni mo dorí kọ, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ọkàn wà.

Nítòsí Ìlúpéjú, mo já sínú kòtò kan tí gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà náà mọ̀ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ń bọ̀ níwájú mi, n kò ráyè yẹ̀ ẹ́. Táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì bẹ́.

Mo ní táyà míràn nínú bútù, afẹ́fẹ́ sì kún inú rẹ̀. Mo ní jáàkì. Mo ní wíìlì spánà tó bá mọ́tò náà wá. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ní bóyá n kò múra sílẹ̀. Mo múra sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ló wà lára táyà náà. Mẹ́rin le, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ara tẹ spánà, wọ́n ké, wọ́n sì tú. Ìkarùn-ún kò mira.

Ọlọ́kadà kan dúró, ó sọ ọ̀kadà rẹ̀ kalẹ̀, ó gba spánà lọ́wọ́ mi. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Spánà yọ̀ lórí nọ́ọ̀tì, ó bó o ní èékánná.

"Ta ló di èyí?" ó kígbe. "Ṣé òmìrán ni?"

Bàbá mi gbé ìka kan sókè láti inú mọ́tò. Mo rí i. Ó ní, "Ìyẹn... ìyẹn, èmi..."

Mo tẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé. Mo ní, "Ẹ má sọ̀rọ̀, bàbá. Ẹ sinmi. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dá ara yín lágara."

Ó gbé ìka náà sílẹ̀.

Ọkọ̀ tó kó iṣu láti ọ̀nà Òkè-Àkọ́ ló padà gbé e. Wọ́n ti iṣu sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n tẹ́ àpò sílẹ̀, ìyá mi sì jókòó tì í. Èmi náà gun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, mo fi mọ́tò wa sílẹ̀ lójú títì pẹ̀lú jáàkì lábẹ́ rẹ̀. Ní Ìdó, wọn kò dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kíá ni wọ́n gbé e wọlé. Nígbà tó yá, dókítà obìnrin kan jáde wá, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ pẹ́ díẹ̀."

Díẹ̀. Kò ní a pẹ́ púpọ̀. Bó bá jẹ́ púpọ̀ ló sọ ni, ǹ bá gbà pé ọlọ́jọ́ ló dé. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Ẹnì kan ló gba díẹ̀ yẹn lọ́wọ́ wa, mo sì mọ ẹni náà.

Fọkanáísà tó wà ní oríta tó súnmọ́ ilé wa ni. Kò pẹ́ ṣáájú ìgbà náà tí èmi àti bàbá mi gbé mọ́tò lọ bá a pé kí ó pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn. Mo jókòó níwájú, mo ń wo fóònù mi, ṣùgbọ́n mo rí bí ó ṣe ń di nọ́ọ̀tì. Kì í fi ọwọ́ dì í. Bí ó bá ti fi ọwọ́ yí i dé ìwọ̀n kan, yóò di orí mọ́tò mú, yóò gun apá spánà, yóò sì fò lé e lórí bí ọmọdé tó rí bẹ́ẹ̀dì tuntun. Mọ́tò á mì. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti wọlé, á pariwo pé, "Ó di ọjọ́ àjíǹde!"

Bàbá mi á sì dá a lóhùn láti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò pé, "Àmín o!" Á wá rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń ṣe eré yẹn.

Ó di ọjọ́ àjíǹde. Nígbà tí a sin bàbá mi tán, tí àlùfáà ń sọ̀rọ̀ nípa àjíǹde lẹ́bàá ibojì, etí mi kò gbọ́ ohùn àlùfáà. Ohùn fọkanáísà ni mo ń gbọ́.

Àwọn ará Ìlúpéjú bá wa lẹ ihò táyà náà láìtú u, kí wọ́n lè gbé mọ́tò wálé. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó fi jò tán. Mọ́tò dúró sí àgbàlá lórí táyà tó pẹlẹbẹ, nọ́ọ̀tì karùn-ún sì wà níbẹ̀, ó ń wò mí.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo lọ bá alága ẹgbẹ́ àwọn fọkanáísà. Mo rò ó bí mo ṣe ń ro ẹjọ́ ìtàn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: ẹni tó ṣe é, ohun tó ṣe, ìgbà tó ṣe é, ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Wọ́n pe fọkanáísà náà. Ó dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ọkùnrin kúkúrú ni, òróró sì ti wọ ọ̀nà ọwọ́ rẹ̀ títí láé.

"Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni mo dì, àǹtí," ó ní. "Ọ̀kan ti sọnù tẹ́lẹ̀. Mo ní kí bàbá lọ ra òmíràn, wọ́n ní àwọn á wá a nílé. Ẹ bi bàbá."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Òkú kì í sọ̀rọ̀," mo dá a lóhùn, "ìyẹn ni o ṣe ń pè é ní ẹlẹ́rìí."

Alága gbé ọwọ́ sókè. Àgbà ni, kò fẹ́ ariwo. "Àǹtí tíṣà, ọ̀rọ̀ yín dùn wá dé egungun. Bàbá yín kọ́ àwọn ọmọ mi níwèé. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹnu lásán lé èèyàn kúrò níbi tó ti ń jẹun. Ẹ mú nọ́ọ̀tì náà wá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sun ún, kí gbogbo wa lè wò ó. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló bà á jẹ́, yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní oríta yẹn."

Mo ní ó dára. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Kí n má purọ́, kí alága tó dájọ́ ni ọ̀rọ̀ mi ti dájọ́ fún fọkanáísà. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí mo bá ń lọ ilé ìwé ní àárọ̀, mo máa ń rí i tó jókòó sórí táyà, tó ń wo ọ̀nà. Ó máa ń kí mi. N kì í dáhùn.

Báyìí ni nọ́ọ̀tì kan ṣe di iṣẹ́ fún mi. Bó bá jẹ́ pé mo kàn fẹ́ mú un kúrò ni, kò ṣòro. Mẹkáníìkì tí mo pè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi ṣísẹ́ẹ̀lì là á sí méjì. Tàbí kí n pe wẹ́dà, kó fún un níná díẹ̀. Bó bá ti pọ́n, yóò bẹ̀ yín." Mo ní ẹni tí a bá là, ẹni tí a bá sun, ẹ̀rí wo ni yóò jẹ́? Ó wò mí, ó wo ìyá mi, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ó ní, "Mà, ẹ̀yin fẹ́ kí eku dùn, ẹ ò fẹ́ kí òróró tán."

Àbúrò bàbá mi ló ṣe mí ní èyí tó burú jù, ó sì ní ìrànlọ́wọ́ ni. Òun ló ti ń sọ láti ọjọ́ ìsìnkú pé kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ, pé àkókò ẹ̀gbọ́n òun ló tó, pé bí kò bá jẹ́ nọ́ọ̀tì, ohun mìíràn ni ì bá jẹ́. Mo ní, "Bàbá, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì ló jẹ́." Ní ọjọ́ kan tí mo wà ní ilé ìwé, ó gbé réǹṣì ńlá táwọn pọ́ńbà fi ń tú páìpù wá, èyí tó ní eyín bíi ti ọ̀ọ̀nì. Ó fi gé nọ́ọ̀tì náà jẹ. Nígbà tí mo dé, igun méjì nínú mẹ́fà ti lọ, irin funfun sì ń hàn níbi tó ti bó o.

"Ṣé mo ní kí ẹ bá mi tú u ni?" mo béèrè.

"Mo fẹ́ kí o sinmi ni, ọmọ mi."

"Ẹ ti jẹ igun méjì, Bàbá. Ẹ̀rí mi ti dín."

Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò. "Àkókò tó o fi ń tú nọ́ọ̀tì," ó ní, "bó o bá fi ń sunkún ni, ò bá ti sunkún tán."

Ìyá mi kì í dá sí i. Lórí àpótí ló máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀wà tó mọ́ tẹ́lẹ̀, yóò tún un ṣà. Bí mo bá ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírin tí mo fi ń ha ìpẹtà, yóò ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Nọ́ọ̀tì ò jí òkú." Ó máa ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, n kì í sì í wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ ọ́. Ǹ bá ti wò ó.

Ọlọ́jà lẹ́bàá gáréèjì padà wá ohun tí mo fẹ́ fún mi. Ó kùn, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé e jáde láti inú páálí kan tó kún fún eruku: sọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú, ó nípọn, ó gùn, ojú mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Mo ní kí ó fún mi ní èyí tó kéré sí ojú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀.

"Kò ní wọlé, àǹtí."

"Mo máa fi òòlù kàn án wọlé. Igun tó ti jẹ, èyí tó tóbi kò lè dì í mú."

Awakọ̀ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níjọ́sí wà níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Táyà ta lẹ ń tú gan-an?" ó béèrè.

"Ti bàbá mi," mo ní. Ó wo ilẹ̀. Gbogbo Ìkọ̀lé kò tóbi jù bẹ́ẹ̀.

Mo ra epo inú agolo tí wọ́n fi ń mú kí ìpẹtà rọ̀, èyí tí wọ́n ń fọ́n. Mo ra ọ̀pá tí wọ́n ń fi sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀, mo sì wá páìpù omi tó gùn láti fi bọ ìdí ọ̀pá náà, kí agbára lè pọ̀ láìsí fífò. Mo fọ́n epo sí nọ́ọ̀tì náà ní àárọ̀, mo tún fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń fi òòlù kékeré kàn án lórí, kó, kó, kó, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò fẹ́ ṣí i. Wọ́n ní kíkàn náà ló ń jẹ́ kí epo ráyè wọlé. Èyí tí ọkùnrin fi agbára ṣe tí kò ṣeé ṣe, sùúrù ni mo fẹ́ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n sùúrù mi kì í ṣe ti ẹni tó ti dárí jì. Sùúrù ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ ni.

Fọkanáísà wá sílé wa lọ́jọ́ Satidé kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, ó ní, "Ẹ kúulé o." Ìyá mi dá a lóhùn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá yín tú u. Mi ò ní bà á jẹ́. Èmi ni mo fẹ́ kó jáde jù yín lọ."

"O ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rí," mo ní.

"Ẹ ṣáà jẹ́ kí n dúró, kí n máa wò ó nígbà náà."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ dúró wò ó ni, àbí ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń fò?"

Ó yíjú sí ìyá mi, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ nǹkan. Ìyá mi tẹ orí sínú ẹ̀wà. Ó lọ.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo tú u. Inú ló ń bí mi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí inú dé ọwọ́. Mo fi òòlù kan sọ́kẹ́ẹ̀tì wọ orí nọ́ọ̀tì títí ó fi jókòó dáadáa. Mo fi ọ̀pá bọ̀ ọ́, mo fi páìpù bọ ọ̀pá. Ó yẹ kí ẹnì kan di orí sọ́kẹ́ẹ̀tì mú kó má baà wọ́. N kò ní ẹlòmíràn. Mo ní, "Màmá, ẹ wá bá mi dì í mú."

Ó gbé ẹ̀wà sílẹ̀, ó wá. Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú. Mo kọ́kọ́ yí i síwájú díẹ̀, bíi pé mo fẹ́ dì í sí i, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìpẹtà ṣe ń fọ́. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ̀ ẹ́ padà. Mi ò já a, mo ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ara mi wà lórí páìpù náà. Ó ké. Igbe náà gùn, ó sì tínrín, àwọn adìyẹ sá. Nọ́ọ̀tì yí.

Kò já geere bí nọ́ọ̀tì ṣe ń já. Gbogbo bó ṣe ń yí ló ń ké, ìgbà tó sì jábọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi, ó kó irin tínínrín bọ̀ láti ara bóòtì tó wà lórí rẹ̀. Eyín bóòtì náà, èyí tí nọ́ọ̀tì ń gbà yí wọlé, ti lọ pátápátá.

Mo gbà á. Mo nù ún. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yòókù, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn mẹ́rin ń dán, èyí dúdú. Ojú wọn dọ́gba, spánà kan náà ló ń wọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo inú wọn, eyín wọn kò bára mu. Ti àwọn mẹ́rin jìnnà síra díẹ̀. Ti èyí há mọ́ra. Kì í ṣe nọ́ọ̀tì mọ́tò yìí. Ẹnì kan ló fi tipátipá wọ̀ ọ́ sí ibi tí kò bá mu, tó yí i títí tó fi jẹ ara rẹ̀ mọ́ bóòtì.

Èrò mi àkọ́kọ́ ni pé mo ti mú fọkanáísà. Ọ̀rọ̀ ti burú ju bí mo ṣe rò lọ: kì í ṣe pé ó fò lé e nìkan, ayédèrú ló fi sí i. Mo yíjú sí ìyá mi láti sọ ọ́ fún un.

Kò wo nọ́ọ̀tì. Ẹ̀yìn ilé ló ń wò.

Mọ́tò kan wà lẹ́yìn ilé wa, èyí tí bàbá mi ń wà nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ti pẹ́ tó ti di ilé adìyẹ. Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Mo dìde, mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì náà lọ́wọ́. Nọ́ọ̀tì dúdú ló wà lára àwọn táyà rẹ̀, wọ́n pé lára àwọn mẹ́ta. Lára ìkẹrin, ọ̀kan ti kúrò, ibi tó ti kúrò sì mọ́ ju ìyókù lọ.

Nígbà tí mo padà, ìyá mi ṣì kúnlẹ̀ níbi tó wà.

"Ẹ mọ̀," mo ní.

"Mo bá a di tọ́ọ̀ṣì mú," ó ní. "Mo ní kó lọ ra tuntun. Ó ní nọ́ọ̀tì ni nọ́ọ̀tì ń jẹ́. Ó fi òòlù lù ú kó tó wọlé." Ó gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún. "Ìyẹn ló fẹ́ sọ fún ọ nínú mọ́tò níjọ́ yẹn. O ní kó má sọ̀rọ̀. Ó wá sọ ọ́ sí mi létí lórí iṣu. Ó ní, 'Sọ fún un pé èmi ni. Kó má lọ bá èèyàn jà.'"

Mo béèrè ohun tó fà á tí kò fi sọ fún mi. Mo béèrè pẹ̀lú ariwo.

"Mo wò ó pé," ó ní, "kí o máa bínú sí ọmọ ọlọ́mọ sàn ju kí o máa bínú sí bàbá rẹ. Ti ọmọ ọlọ́mọ yóò tán lọ́jọ́ kan." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ mí. Ìyá mi kì í bẹ̀ mí. Ó ní kí n sọ fún alága pé kò tú. Kí n sọ pé wọ́n ti sun ún. "Má dárúkọ bàbá rẹ láàárín wọn. Tíṣà ni. Wọn á ní ó fi ìwà ahun pa ara rẹ̀."

Mi ò sùn dáadáa títí di ọjọ́ ìpàdé wọn. Bí mo bá ní nọ́ọ̀tì kò tú, fọkanáísà á wà lórí táyà rẹ̀ ní oríta, á máa wo ọ̀nà, títí ayé. Bí mo bá sọ òtítọ́, orúkọ bàbá mi á bọ́ sẹ́nu gbogbo Ìkọ̀lé.

Mo mú un lọ. Mo gbé e lé tábìlì níwájú alága, mo sì gbé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tì í. Wọ́n ń gbé e fún ara wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tó dé ọwọ́ fọkanáísà, ó kàn fi ìka wọ inú rẹ̀ ni. Mo rí i nígbà tó mọ̀. Ó gbójú sókè, ó wò mí, n kò sì rí ìdùnnú kankan nínú ojú rẹ̀.

"Ìpẹtà ni, alága," ó ní. "Òjò ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi."

Ó fẹ́ bo bàbá mi. Ẹni tí mo fẹ́ lé kúrò ní oríta ló ń bá mi bo bàbá mi láṣìírí, mo sì lè jẹ́ kó ṣe é. Kí n ṣáà dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, n kò sì mọ bí a ti ń gba irọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ti àánú.

"Kì í ṣe òjò," mo ní. "Nọ́ọ̀tì mọ́tò míràn ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló dì í. Mẹ́rin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dì, wọ́n tú fún mi lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ló fi èyí sí i."

Alága yọ fìlà rẹ̀, ó tún un dé. "Ẹ kú ìrójú," ó ní. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Ẹ kú ìrójú, àǹtí tíṣà."

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo sọ fún fọkanáísà náà pé fífò lórí spánà kò dára síbẹ̀síbẹ̀. Mo ní bí obìnrin bá wà lójú ọ̀nà lóun nìkan, kò lè tú ohun tí gbogbo ara ọkùnrin ti dì. Ó ní òun gbọ́.

Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìwọ̀n ìgbà kan. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń bo àwo mi, kò kàn sọ̀rọ̀.

Fọkanáísà ló wá fi táyà tuntun sí mọ́tò náà. Èmi ni mo pè é. Ìyá mi wà nínú mọ́tò, ní ẹ̀yìn, níbi tó ti gbé orí bàbá mi lé itan; ó máa ń jókòó síbẹ̀ nísinsìnyí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni ó dì, nítorí pé bóòtì karùn-ún kò ní eyín mọ́. Ó fi ọwọ́ yí wọn, ó fi spánà lé èyí àkọ́kọ́, ó sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ó rí mi. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, jẹ́jẹ́, títí tó fi dúró.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò pariwo. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró díẹ̀ kó tó lọ sí èkejì, bí ìgbà tí ó ń retí kí ẹnì kan dá òun lóhùn láti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Ìyá mi gbójú kúrò nínú ẹ̀wà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Èmi náà dúró. Ọ̀rọ̀ àjíǹde tí mo bá jà láti ọjọ́ ìsìnkú wá, ǹ bá fi ohunkóhun sílẹ̀ kí fọkanáísà lè sọ ọ́.